Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Rékọ́ọ̀dù Ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà, àti Òfin Tó Yẹ Kí Ìpínlẹ̀ Kọ̀ọ̀kan Tún Ṣe

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá tẹ ìka ènìyàn ni ìwé ṣí. Ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìwé náà dé ni kò dájú. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa tó ń gbé níbẹ̀ máa ń béèrè pọ̀: lórí iṣẹ́, lórí ilé tí wọ́n fẹ́ yá, lórí ìwé ìgbélùú. Mo ti to èyí tó ṣe kókó síbí. Èrò tèmi ni pé ẹni tí rékọ́ọ̀dù rẹ̀ kò parí ń jìyà ju ẹni tí rékọ́ọ̀dù rẹ̀ burú lọ, òfin ìpínlẹ̀ nìkan ló sì lè tún un ṣe.

Kí ni rékọ́ọ̀dù yìí gan-an, ta ló sì ń kọ ọ́?

Àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ òfin ni: ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba ṣe sí ẹ̀sùn náà, ibi tí adájọ́ fàbọ̀ sí, àti ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn tó bá tẹ̀lé e. Kì í ṣe ọwọ́ kan ló ń kọ ọ́. Ọlọ́pàá ń kọ ìbẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ń kọ àárín, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń kọ ìparí, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ń fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo wọn ló yẹ kó fi tiwọn ránṣẹ́ sí ilé àkójọ kan ṣoṣo ní ìpínlẹ̀ náà. Ní Texas, Department of Public Safety ló ń bójú tó o. Ní New York, Division of Criminal Justice Services. Ní Pennsylvania, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni. California gbé e fún Department of Justice tirẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ́fíìsì yìí ló ní ọ̀gá tirẹ̀, owó ìná tirẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ará ìlú ló dìbò yan ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì, àwọn náà ló dìbò yan agbẹjọ́rò ìjọba, àwọn náà ló tún yan akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ẹnì kejì nínú wọn, àfi òfin. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin kó tó di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ṣebí FBI ló ni gbogbo rẹ̀? Kí ló wá kan ìpínlẹ̀ níbẹ̀?

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó nìyẹn. Lóòótọ́, FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, ti ń kó ìtẹ̀ka jọ láti 1924, nígbà tí wọ́n kó káàdì tó lé ní 800,000 wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Leavenworth àti láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Ní 1967, wọ́n dá NCIC sílẹ̀, ìyẹn àkójọ orí kọ̀ǹpútà tí ọlọ́pàá ń yẹ̀ wò lójú títì láti mọ̀ bóyá wọ́n ń wá ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1983, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò míràn tí wọ́n ń pè ní Interstate Identification Index. Iṣẹ́ tí èyí ń ṣe ni pé ó ń tọ́ka: ó ń sọ ìpínlẹ̀ tí ìtàn ẹni náà wà, ó sì ń lọ gbà á wá níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998, National Crime Prevention and Privacy Compact, tún fẹsẹ̀ ètò yìí múlẹ̀ fún àyẹ̀wò iṣẹ́ àti ti ìwé-àṣẹ.

Nítorí náà, ohun tí FBI máa fi han agbanisíṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú kò lè dára ju ohun tí ìpínlẹ̀ kọ lọ. Bí ìpínlẹ̀ bá kọ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì náà ni gbogbo Amẹ́ríkà máa rí.

Wọ́n mú mi, wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, n ò sì dé iwájú adájọ́ rárá. Ṣé mo ní rékọ́ọ̀dù?

Bí wọ́n bá ti tẹ ìka yín, ẹ ní in. Wọn ì báà má fẹ̀sùn kàn yín rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kọ́ọ̀tù tipẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1965, ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dale Menard ní Los Angeles. Ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ láì fi ẹ̀sùn kankan kàn án. Ìtẹ̀ka rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ FBI. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi fa ẹjọ́ náà kí kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ní 1974 pé kí FBI yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkójọ àwọn ọ̀daràn. Ìyẹn ẹni tí kò ṣe nǹkan kan o, tó sì rí ẹni bá a gbẹ́jọ́ rò. Ẹni tí kò rí ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lónìí, ẹni tí wọ́n mú tí wọn ò fẹ̀sùn kàn lè béèrè pé kí wọ́n pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n fi èdìdì dì í, kí ará ìlú má lè rí i mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń ṣe é fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Ohun tí èmi fara mọ́ ni èyí kejì, nítorí ẹni tí kò jẹ̀bi ò yẹ kó máa ná owó lọ́yà kí ìwé tó lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Adájọ́ ti da ẹjọ́ mi nù láti ọdún mélòó kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé mímú tí wọ́n mú mi nìkan ló ń jáde?

Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká rọra tú u.

Nínú ìròyìn tí ọ́fíìsì mínísítà ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn fúnra wọn sọ pé nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn rékọ́ọ̀dù tó wà nínú Interstate Identification Index ló ní àbọ̀ ẹjọ́ nínú, ìyẹn ibi tí ẹjọ́ parí sí. Ìdajì yòókù sọ pé wọ́n mú ẹnì kan, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣàtúnṣe díẹ̀ láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ sì ti ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó fún iṣẹ́ yìí láti 1995 lábẹ́ ètò NCHIP, àmọ́ ihò náà ò tíì dí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọlọ́pàá mú ènìyàn, ó tẹ ìka rẹ̀ lórí gíláàsì ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì fi ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ìpínlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mímú ti wọlé. Láti ibẹ̀ lọ, ohun kan ṣoṣo tó so ìka yẹn mọ́ fáìlì kọ́ọ̀tù ni nọ́ńbà kan. Ní Pennsylvania, OTN ni wọ́n ń pè é. Bí akọ̀wé kọ́ọ̀tù bá tẹ nọ́ńbà náà ṣì, tàbí tí kò sí lórí ìwé tí agbẹjọ́rò ìjọba gbé wá, ìdájọ́ máa dé ilé àkójọ láìmọ orí ẹni tí ó máa bà lé. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adájọ́ ti dá ènìyàn sílẹ̀, kọ́ọ̀tù ti kọ ọ́, wọ́n ti fi ránṣẹ́ pàápàá, síbẹ̀ kò dé ara rékọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà kejì ni ti ìwé ìpè. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá kì í gbé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lọ sí àgọ́ mọ́. Wọ́n á já ìwé fún un pé kó wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ báyìí-báyìí. Ohun tó dára ni, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn sátìmọ́lé nítorí ọ̀rọ̀ kékeré. Àmọ́ wọn ò tẹ ìka rẹ̀. Bí ẹjọ́ náà bá parí sí ìdálẹ́bi, kò sí ìka tí ìdálẹ́bi náà máa so mọ́, àfi bí òfin bá sọ pé kí adájọ́ rí i dájú pé wọ́n tẹ ìka rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù.

Ọ̀nà kẹta ló ń dùn mí jù. Ọlọ́pàá lè kọ ẹ̀sùn mẹ́ta, kí agbẹjọ́rò ìjọba wò ó, kí ó ní kò sí ẹ̀rí, kí ó jù ú nù. Ẹjọ́ kò dé kọ́ọ̀tù, nítorí náà kọ́ọ̀tù kò ní àbọ̀ tó máa fi ránṣẹ́. Ọlọ́pàá rò pé agbẹjọ́rò ló máa sọ, agbẹjọ́rò rò pé iṣẹ́ tòun ti parí. Ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá dúró gbagidi lójú rékọ́ọ̀dù bí ẹni pé ẹjọ́ ṣì ń lọ. Tàbí kí agbẹjọ́rò mú ẹ̀sùn kan nínú mẹ́ta, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́; wọ́n dá ìyẹn lẹ́jọ́, méjì tó kù ò sì ní olúwa.

Ṣé kò sí òfin tó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi àbọ̀ ránṣẹ́ ni?

Ó wà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí àbọ̀ ẹjọ́ dé láàárín 120 ọjọ́. Òfin Texas tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ 7 lẹ́yìn mímú, ọjọ́ 30 fún àbọ̀. Òfin tó wà lórí ìwé kọ́ ni ìṣòro. Nínú ọ̀pọ̀ òfin ìpínlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé “kí wọ́n fi ránṣẹ́”, wọn ò sì sọ ẹni tó máa ṣọ́ wọn, tàbí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn òfin náà ti wà láti ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí ìwé àti ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Bí ìwé ò bá parí, kí ló burú tó bẹ́ẹ̀?

Ó ti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel AME ní Charleston, South Carolina, ó sì yìnbọn pa ènìyàn mẹ́sàn-án tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Wọ́n ti mú un rí nítorí oògùn olóró, ohun tó sì wà nínú ìwé ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ yẹn tó láti dínà ìbọn fún un. Nígbà tó fẹ́ ra ìbọn, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ní FBI rí i pé wọ́n ti mú un. Ó wá àlàyé lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, nítorí rékọ́ọ̀dù ò tọ́ka sí ọlọ́pàá tó mú un gan-an. Òfin Brady ti 1993 sọ pé bí ìdáhùn ò bá dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, ẹni tó ń ta ìbọn lè tà á. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ọ̀gá FBI ìgbà náà, James Comey, jáde sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ìbọn yẹn.

Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ní Sutherland Springs ní Texas, ẹni tó pa àwọn olùjọsìn ti jẹ́ ẹni tí kọ́ọ̀tù ológun dá lẹ́bi ní 2012 pé ó lu ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tí ìyàwó náà bí wá. Ológun Òfuurufú kò fi ìdálẹ́bi náà ránṣẹ́ sí FBI, àyẹ̀wò ìbọn ò sì rí i. Ní 2021, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi ọ̀ràn náà wà lọ́rùn Ológun Òfuurufú. Lẹ́yìn ìpànìyàn yìí ni wọ́n ṣe òfin Fix NICS, ní 2018, láti tún NICS, ètò tí wọ́n fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn wò, ṣe.

Ó tún ń ti ènìyàn mọ́lé láìtọ́. Ní 1991, ọlọ́pàá Phoenix dá ọkùnrin kan dúró lójú títì, kọ̀ǹpútà wọn sì sọ pé ìwé àṣẹ wà láti mú un. Adájọ́ ti fagi lé ìwé àṣẹ yẹn ní ọjọ́ 17 ṣáájú; wọn ò kàn pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n mú un, wọ́n rí igbó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jùlọ. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Arizona v. Evans, àwọn adájọ́ ní àṣìṣe òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù kò ní kí ẹ̀rí náà di òfo. Ní 2009, nínú ẹjọ́ Herring, wọ́n ní ọ̀kan náà ni fún ìgbà tí ọlọ́pàá fúnra wọn bá ṣàìbìkítà díẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ará ìlú ni pé àwọn adájọ́ ò ní bá a ṣọ́ ìwé. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló kù.

Kí ni òfin àwòkọ́ṣe ti 2018 tí wọ́n ń sọ?

Uniform Law Commission ni ìgbìmọ̀ kan tó ti wà láti 1892. Àwọn amòfin tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn ló ń jókòó níbẹ̀, wọ́n ń kọ òfin tí ìpínlẹ̀ lè gbà wọlé kí nǹkan lè dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí Uniform Criminal Records Accuracy Act. Kì í ṣe òfin níbikíbi títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kan yóò fi gbà á wọlé.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ dáa. Ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì tó bá fọwọ́ kan ẹjọ́ máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́ láàárín àkókò tí òfin dá, kí wọ́n sì fi ìka so ó mọ́ ẹni tó ni í. Ó ní kí ilé àkójọ máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fún ní rékọ́ọ̀dù sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí àṣìṣe bá jáde, wọ́n mọ ibi tó dé. Ó fún ẹni tó ni rékọ́ọ̀dù ní ẹ̀tọ́ láti rí i àti láti béèrè àtúnṣe. Ó ní kí wọ́n máa kọ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa yẹ ìwé wò látìgbàdégbà. Fún mi, apá tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó sọ pé bí wọ́n bá ti tún àṣìṣe ṣe, kí wọ́n wá àwọn tí wọ́n ti fún ní èyí tó burú tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó tọ́ lé wọn lọ́wọ́. Láìsí ìyẹn, àtúnṣe á wà nílé, àṣìṣe á máa rin ìrìn àjò.

Orúkọ mi jọ ti ẹlòmíràn tó ti dáràn. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidi. Orúkọ wa ni wọ́n ń kọ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́. Ẹni tó ń jẹ́ Ọláyínká Adéyẹmí á di Olayinka Adeyemi, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí wọ́n bá gbé orúkọ ìdílé síwájú, ó di ẹlòmíràn pátápátá. Àwọn Adeyemi tó wà ní Houston nìkan ò ṣeé kà tán. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí ṣe lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí. Èyí tí wọ́n fi ìka ṣe kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó wà ní gbangba: ní 2011, Sergio Ramirez lọ ra ọkọ̀ ní California. Ìwé tí TransUnion, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn, fi ránṣẹ́ nípa rẹ̀ ní ó jọ pé ó wà lára àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà kà léèwọ̀, àwọn apániláyà àti olówò oògùn. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi wéra. Àwọn tó bá a pe ẹjọ́ náà jẹ́ 8,185. Ní 2021, Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jùlọ ní kìkì 1,853 tí wọ́n ti fi ìwé wọn han àwọn ẹlòmíràn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó gbà-má-bínú lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Òfin àwòkọ́ṣe 2018 fi nǹkan kan sílẹ̀ fún irú èyí: àkójọ tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń kó bá lè fi ara rẹ̀ sínú rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Á tẹ ìka rẹ̀ sílẹ̀, kí ọlọ́pàá lè rí i pé òun kọ́ ni wọ́n ń wá. Bí ìpínlẹ̀ yín ò bá tíì ní in, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé àkójọ bóyá wọ́n lè fún yín ní ìwé tó jẹ́rìí pé ìka yín àti ti onítọ̀hún ò bá ara wọn mu, kí ẹ sì máa mú un dání.

Báwo ni mo ṣe lè rí rékọ́ọ̀dù tèmi?

Ọ̀nà méjì ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe méjèèjì. Fún ti FBI, ẹ máa tẹ ìka yín sórí káàdì tàbí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń ṣe é lórí ẹ̀rọ, ẹ san $18 fún FBI, wọ́n á sì fi ìwé náà ránṣẹ́. Fún ti ìpínlẹ̀, ilé àkójọ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Iye tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ síra, $25 ni ti California láìka owó ìka títẹ̀. Ẹ má fọkàn sí ti FBI nìkan, nítorí nǹkan lè wà ní ìpínlẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun kan tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ìpínlẹ̀ kan ò jọ èkejì nípa ẹni tó lè wò ó. Ní Florida, ẹnikẹ́ni ló lè san $24 kí ó wo ti ẹlòmíràn. Ní California, ẹni tó ni í àti àwọn tí òfin dárúkọ nìkan ni.

Mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ ṣì. Ibo ni kí n lọ?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù tí ẹjọ́ náà ti wáyé, kí ẹ gba ìdájọ́ tí akọ̀wé lu òǹtẹ̀. Ìwé yẹn ni agbára yín. Bí ẹjọ́ ò bá dé kọ́ọ̀tù, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ni kí ẹ lọ, kí ẹ gba lẹ́tà tó sọ pé àwọn ò fẹ̀sùn kàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ìpínlẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé sí FBI náà láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ni àwọn náà máa béèrè lọ.

Bó bá jẹ́ pé ìwé-àṣẹ iṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n torí rẹ̀ wo rékọ́ọ̀dù FBI yín, ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí wọ́n fún yín láyè láti tún un ṣe kí wọ́n tó kọ̀ yín. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lójúkojú, nítorí ẹni tó jókòó sídìí kàńtà lè má mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ àdáni ni agbanisíṣẹ́ fi wo àtẹ̀yìnwá mi. Ṣé òfin kan náà ni?

Rárá o. Ìyẹn wà lábẹ́ Fair Credit Reporting Act ti 1970. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yín lórí ìwé kó tó wò ó. Bí ó bá fẹ́ torí rẹ̀ kọ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn yín ná. Mímú tí kò yọrí sí ìdálẹ́bi kò yẹ kó hàn lẹ́yìn ọdún méje, àfi fún iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó $75,000 lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdálẹ́bi kò ní ọjọ́ ìparí lábẹ́ òfin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ bíi California fi ọdún méje sí i. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọjọ́ 30 láti ṣèwádìí.

Ewu ibẹ̀ ni pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ra àkójọ láti kọ́ọ̀tù nígbà kan rí, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Kọ́ọ̀tù lè ti fi èdìdì di ẹjọ́ yín lónìí, kí ti ọwọ́ wọn ṣì wà bó ṣe wà. Òfin ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tó ra àkójọ máa gba ẹ̀dà tuntun kó tó lò ó.

Mo gbọ́ nípa Clean Slate. Ṣé ìyẹn ò ti yanjú gbogbo rẹ̀?

Inú mi dùn sí àwọn òfin Clean Slate, èyí tó ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fi èdìdì di àwọn rékọ́ọ̀dù àtijọ́. Pennsylvania ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2018. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ẹjọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 30 ni kọ̀ǹpútà fi èdìdì dì láàárín ọdún àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé béèrè. Utah tẹ̀lé e. Michigan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún 7 fún ẹ̀ṣẹ̀ kékeré àti 10 fún ńlá. New York fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023: ọdún 3 fún kékeré, 8 fún ńlá, àwọn ọ̀ràn ìbálòpọ̀ àti àwọn tó burú jáì kò sí lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń ṣa ẹni tó yẹ, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìkan ló sì lè rí. Ká ní wọ́n da ẹjọ́ ẹnì kan nù ní 2009 tí àbọ̀ ò wọlé. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kò ní ṣà á. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, tí ìwé rẹ̀ pé, ni yóò rí àánú gbà; ẹni tí kò jẹ̀bi rárá, tí akọ̀wé gbàgbé, á máa gbé ẹ̀sùn rẹ̀ kiri. Ìpínlẹ̀ tó bá ṣe Clean Slate láì tún òfin ìfiránṣẹ́ ṣe ti fi iṣẹ́ sí ìlàjì.

Mo fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù N-400 béèrè bóyá wọ́n ti mú yín rí, ó sì ní kí ẹ dáhùn kódà bí wọ́n bá ti fi èdìdì dì í tàbí tí wọ́n ti pa á rẹ́. Òfin ìwọ̀lú kì í sábà ka píparẹ́ tí ìpínlẹ̀ ṣe sí. Wọ́n á tẹ ìka yín, mímú náà á jáde, wọ́n á sì ní kí ẹ mú àbọ̀ rẹ̀ wá. Ẹni tó bá fi pamọ́ lè rí i pé irọ́ tó pa burú fún un ju ọ̀ràn náà gan-an lọ. Ẹ rí lọ́yà ìwọ̀lú kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

Ṣé ọ̀kan náà ni èyí àti iye ọ̀ràn tí FBI ń kéde lọ́dọọdún?

Ó yàtọ̀. Ìyẹn jẹ́ kíka iye, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1930, wọ́n sì kó o lọ sórí ètò ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní NIBRS pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ìlú ńlá ni kò tíì múra tán nígbà náà, New York àti Los Angeles wà lára wọn, èyí sì jẹ́ kí ìṣirò ọdún yẹn ní àlàfo. Àìsàn kan náà ni: àwọn tó yẹ kó fi nǹkan ránṣẹ́ ò rán an.

Kí ni mo lè bi aṣòfin ìpínlẹ̀ mi?

Ẹ bi í pé: ta ló ń fi àbọ̀ ránṣẹ́ nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba bá pinnu pé òun ò ní pe ẹjọ́? Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti rí ihò kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tẹ ìka ẹni tí wọ́n já ìwé ìpè fún, ibo ni, ìgbà wo sì ni. Ẹ béèrè iye rékọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ náà tí kò ní àbọ̀, àti bóyá wọ́n ń gbé iye náà jáde fún ará ìlú ní káúńtì kọ̀ọ̀kan. Káúńtì tí orúkọ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tún ara ṣe.

Ẹ má gbàgbé owó. Àwọn tó wà nínú àkójọ àwọn ìpínlẹ̀ lápapọ̀ ti ju mílíọ̀nù 100 lọ, àmọ́ wọ́n á ka ẹni tó ní rékọ́ọ̀dù ní ìpínlẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá fi òfin tuntun lé akọ̀wé káúńtì kékeré lọ́wọ́ láìfi owó kọ̀ǹpútà tì í, ohun tó ń ṣe lánàá náà ló máa ṣe lọ́la.

Ìwé wo ni kí n tọ́jú sílé?

Ìdájọ́ tí kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́tà agbẹjọ́rò ìjọba bí ẹjọ́ ò bá dé kọ́ọ̀tù. Rìsíìtì owó ìtanràn tí ẹ san, torí wọ́n lè ní ẹ ò san án. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó fi èdìdì di fáìlì náà, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ó lè gbà yín ní àṣẹ adájọ́ kí akọ̀wé tó lè ṣí i fún yín.